Orí Tí Susannah Fi Amọ̀ Mọ

Ìwọ tí o fẹ́ ka ìtàn yìí, bí ẹnì kan bá ti ilé rẹ jáde tí kò tíì wọlé, gbé e sílẹ̀ o. Má kà á sókè létí ìyá onítọ̀hún. Ẹrù ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá sì gbé e rù, kò dájú pé yóò rí ẹni bá a sọ̀ ọ́. Bí o bá ní dandan ni kí o kà á, jókòó síbi tí o ti lè máa rí ẹnu ọ̀nà, kí o rọra máa bá a lọ.

Òjò ọdún kejì ló ń rọ̀ yìí tí Mobọ́lájí ti gun ọ̀kadà rẹ̀ jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ní òun ń lọ tún ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ṣe fún oníbàárà kan ní ìgbèríko. Wọ́n rí ọ̀kadà náà lẹ́bàá igbó. Àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ṣì so mọ́ ọn, wọn ò mú nǹkan kan nínú rẹ̀, àfi ẹni tó ni ín ni wọ́n mú. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ rí pe Susannah ìyàwó rẹ̀ nínú ìsọ̀ tó ti ń ránṣọ. Ohùn ọkùnrin kan bi í bóyá òun ni ìyàwó. Ó ní òun ni. Wọ́n gbé fóònù sí Mobọ́lájí lẹ́nu, ó ní, "Èmi ni." Ọkùnrin yẹn gbà á padà, ó ní àwọn yóò tún pè. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mọ́. Àwọn ọlọ́dẹ wọ igbó, wọ́n jáde, wọn ò rí bàtà, wọn ò rí aṣọ.

Ẹni tó bá kú, a mọ bí a ṣe ń sin ín. Ẹni tó bá rìnrìn àjò, a mọ bí a ṣe ń retí rẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí Mobọ́lájí yìí kò ní orúkọ. Susannah kò lè wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kò sì lè wọ aṣọ tó dán. Àwọn ará àdúgbò kò mọ bí wọn yóò ṣe máa kí i, wọ́n ń ya ọ̀nà fún un, títí ẹnì kan fi kí i lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ kú ojúlọ́nà." Gbogbo ayé sì gba ìkíni náà. Ìyá Mobọ́lájí, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló fi èsì sí i. Bí wọ́n bá ti kí i pé ẹ kú ojúlọ́nà, á ní, "Ó ń bọ̀." Ó sì kìlọ̀ fún Susannah pé bẹ́ẹ̀ ni kí òun náà máa dáhùn, kò gbọdọ̀ dáhùn lọ́nà mìíràn, nítorí ẹnu ìyàwó ilé ni ilẹ̀kùn tí ọkọ ń gbà wọlé. Susannah kò mọ̀ bóyá òwe àwọn àgbà ni, tàbí Màmá ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣáà ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ lọ́jà, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ ọ́ fún Mofẹ́olúwa ọmọ wọn tó ń kàwé ní Ìjagun, bí ọmọ náà bá pè. Ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wá dà bí gàárì gbígbẹ lẹ́nu rẹ̀, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù.

Ẹ̀rù ń bà á fún nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà tó ga ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà yóò kọ̀ láti jáde lójú Màmá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni arúgbó náà ń jẹ, òun ló ń mu. Bó bá jí láàárọ̀, kí ó tó bọ́jú, á kọ́kọ́ pe Susannah láti inú yàrá rẹ̀, á ní, "Ìyàwó, báwo ni?" Susannah á ní, "Ó ń bọ̀, Màmá." Nígbà náà ni Màmá á tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí Susannah kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Kò fẹ́ mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí nígbà tí Alàgbà Simeon, olórí ìjọ wọn, dìde lọ́jọ́ ìsìn kan, tó ní ìjọ yóò lọ ṣe ìpàgọ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní Ibefun. Ó ní orí ọ̀rọ̀ ìpàgọ́ náà ni Ìgbàgbọ́ àti Ẹ̀bùn Àtinúdá. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Èwo ló ń jẹ́ àtinúdá? Ẹnì kan ní bóyá ti àwọn onídìrí ni. Ẹlòmíràn ní rárá, ti àwọn tó ń ya àwòrán sára ògiri ni, àwọn tí kì í fẹ́ ṣiṣẹ́. Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ẹni tí Ọlọ́run dá ni òun náà lè dá nǹkan, pé olùkọ́ kan tó mọ iṣẹ́ amọ̀ dunjú ń bọ̀ wá là wọ́n lóye.

Susannah kò fẹ́ lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ gba inú igbó kọjá, ara rẹ̀ kò sì gba igbó mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró níbùdó náà. Bí wọ́n bá wá pè ńkọ́? Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti ní àwọn yóò tún pè, Susannah kò jẹ́ kí fóònù náà kú rí. Bí iná bá lọ, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, á dúró tì í títí yóò fi kún. Ó ń gbé e sùn bí ẹni gbé ọmọ tuntun sùn. Ṣùgbọ́n Màmá ní àwọn yóò lọ. Ó ní ibikíbi tí ẹni méjì bá ti kúnlẹ̀ nítorí ọmọ òun, ibẹ̀ ni òun yóò wà. Ta ni yóò bá Màmá jiyàn?

Bọ́ọ̀sì ìjọ gbé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ń kọrin bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, títí igbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ojú ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Orin náà kàn tán lẹ́nu wọn ni. Olúkúlùkù ń wo inú igbó, kò sẹ́ni tó wo Susannah. Òun náà kò wo igbó, iwájú bàtà rẹ̀ ló ń wò. Màmá nìkan ló gbé ojú sókè. Ó ń wo igbó náà bí ẹni ń wo ilé ẹni tó jí i ní ewúrẹ́, tí kò kàn tíì rí ẹlẹ́rìí ni.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó, Ìyá Ìjọ, ìyàwó Alàgbà, gbé abọ́ ńlá kan kiri, ó ní kí gbogbo wọn kó fóònù sí i, kí ó lè jẹ́ Ọlọ́run nìkan ni yóò máa rí wọn pè títí di ọjọ́ Àìkú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kó o sí i. Susannah ní òun kò mú tòun wá. Inú kọ́mú rẹ̀ ló wà. Bí àwọn yòókù ti ń gbé àpò wọlé, ó yà sẹ́yìn táǹkì omi, ó yọ ọ́, ó gbé e sókè, ó nà án sọ́tùn-ún, ó nà án sósì. Kò rí nǹkan kan. Ó dá a padà sí àyà rẹ̀, ó sì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí òun.

Olùkọ́ tí wọ́n ń retí náà ń jẹ́ Ayọ̀fẹ́. Wọ́n ti rò pé àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì ni, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ ṣòkòtò tí amọ̀ ti gbẹ mọ́ lórúnkún. Ìyá Ìjọ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó tẹ̀ sí Susannah létí, ó ní, "Ìyá Mofẹ́, bó o bá padà dé ìsọ̀ rẹ, jọ̀wọ́ bá wa rán ìró kan fún olùkọ́ wa." Susannah kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀.

Ayọ̀fẹ́ kò wàásù púpọ̀. Ó ní Ọlọ́run kọ́kọ́ fi ọwọ́ bọ amọ̀ kí ó tó fi ẹnu fẹ́ èémí sí i. Ó ní àdúrà ẹnu ti pọ̀ nínú ìjọ, ọwọ́ ni kò tíì gbàdúrà. Ó bu amọ̀ fún olúkúlùkù wọn lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn, ó sì ní kí kálukú mọ ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún. Kò pọn dandan kó rẹwà. Kí ó ṣáà jẹ́ òótọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn yóò gbé gbogbo rẹ̀ ka orí tábìlì níwájú Olúwa, ẹni tó mọ ọ́n yóò sì sọ ohun tó jẹ́.

Ibẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí kò fọwọ́ kan amọ̀ láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ọwọ́ ara wọn. Ẹnì kan mọ ilé alájà, ó wó. Ó tún un mọ, ó tún wó, ó ní ó dáa, òun ti fara mọ́ ilé ilẹ̀. Alàgbà Simeon mọ nǹkan kan tó fẹ̀ nídìí, tó ní ojú méjì níwájú. Ìyá Ìjọ dúró lé e lórí.

"Alàgbà, ọ̀pọ̀lọ́ lẹ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?"

"Jíìpù ni," Alàgbà wí, kò gbójú sókè.

"Ẹ yáa bá a fi táyà sí i kíákíá, kó má fò wọnú omi."

Màmá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń mọ àpótí kékeré kan, irú èyí tí a ń jókòó lé nílé ìdáná. Ó ní Mobọ́lájí fẹ́ràn kó máa jókòó ti òun lórí àpótí bí òun bá ń dáná, àní lẹ́yìn tó ti di bàbá ọmọ. Ó ní bó bá dé, ẹsẹ̀ yóò máa ro ó, yóò fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí.

Susannah jókòó ti amọ̀ tirẹ̀. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Kí ni yóò mọ? Ilé kò wù ú, mọ́tò kò wù ú. Ohun tó ń tọrọ ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, ó ní ohùn, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbé ka orí itan. Ṣùgbọ́n ó rí i pé Ayọ̀fẹ́ ń wo òun, ẹ̀rù sì bà á pé yóò wá bá òun sọ̀rọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ló bá yára ki ọwọ́ bọ amọ̀ náà, kí ó lè dà bí ẹni tó ń ṣe nǹkan. Amọ̀ tutù. Ó yí i, ó rí roboto. Ó gbé e sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ sì dá a mọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni orí Mobọ́lájí máa ń wà. Mobọ́lájí kì í lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ọ̀kan ti fi ẹ̀rọ kó làpálàpá ràn án rí, láti ìgbà náà ló ti ní Susannah nìkan ni yóò máa fá orí òun. Á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, á gbé orí sáàárín orúnkún ìyàwó rẹ̀, Susannah á fi ọṣẹ pa á, á mú abẹ, á máa fá a lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mobọ́lájí á di ojú, kí irun má baà kó sí i. Nígbà mìíràn á sùn lọ. Susannah á ní, "Dádì Mofẹ́, ẹ má sùn o, ẹ̀ ń tẹ orí mọ́ mi lọ́wọ́." Á ní òun kò sùn, òun ń ronú ni. Á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Nítorí náà, ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó mọ kókó kékeré tó wà lẹ́yìn etí òsì. Ó mọ ibi tí orí náà ti tẹ́ díẹ̀ lókè, àti àpá tó wà níwájú, níbi tí ọkọ́ ti bà á nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó mọ ìdí etí, ó mọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò rò ó, ọwọ́ ló ń lọ. Nígbà tó kan ojú, kò dúró. Bí ojú náà ti máa ń rí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe mọ ọ́n. Ó dì í.

Ayọ̀fẹ́ wá, ó lóṣòó tì í. Ó wò ó títí, ó wá fi ohùn kékeré béèrè ẹni tí í ṣe. Susannah ní ọkọ òun ni. Ọmọbìnrin náà ti gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu Ìyá Ìjọ. Ó lọ rin aṣọ kan nínú omi, ó gbé e wá, ó ní kí Susannah fi bo orí náà títí di ọ̀la, kí ó má baà sán. Susannah kò tíì fẹ́ bò ó. Ó gbé e dání, ó ń fi àtàǹpàkò ra iwájú orí náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣe é kẹ́yìn. Nígbà tó mọ̀ pé inú òun dùn, ẹ̀rù bà á, ó yára bò ó.

Màmá bi í lẹ́yìn oúnjẹ ohun tó mọ. Ó sọ fún un. Arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó fi wọ́n ra ojú ara rẹ̀, ó ní ọwọ́ yìí kò ní rọ, ọwọ́ yìí kò ní gbẹ. Ó fẹ́ rí i lójú ẹsẹ̀. Susannah ní olùkọ́ ní kí wọ́n má ṣí i títí di ọ̀la. Màmá ní ó dáa, òun tí òun ti ń dúró láti èṣí, ṣé òun kò ní lè dúró di ọ̀la ni? Ó lọ káàkiri yàrá àwọn obìnrin, ó ń sọ fún wọn pé ẹ ó rí ọmọ mi lọ́la, ìyàwó mi ti mọ ọ́n, ọmọ tó gún régé ni. Ó béèrè ẹni tó mú áyọ́ọ̀nù wá, kí òun lè fi lọ ìró òun. Susannah ń gbọ́ ọ láti orí ẹní rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Wọ́n ń pè wọ́n jáde níkọ̀ọ̀kan. Jíìpù Alàgbà ti ní táyà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àmín. Ilé ilẹ̀ dé, wọ́n ní yóò di alájà. Obìnrin kan gbé nǹkan kékeré jáde tó dì nínú ọwọ́, kò lè sọ ohun tó jẹ́, ó ń sunkún, gbogbo wọn mọ̀ pé ọmọ ni, wọ́n sì bá a ṣe àmín tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá kan Màmá. Ó gbé àpótí rẹ̀ sáàárín tábìlì gan-an, ó ti jíìpù Alàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mobọ́lájí ń bọ̀ wá jókòó," ó wí.

"Àmín."

"Ìyàwó, gbé e wá. Gbé e wá jókòó."

Susannah gbé e. Aṣọ tútù náà ń kán sí i lára. Ó gbé orí náà ka orí àpótí, ó sì ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ìyá Ìjọ ní, "Jésù," ó sọ ọ́ sínú. Susannah wo ojú wọn, lẹ́yìn náà ló tó wo ohun tí wọ́n ń wò. Àná, nígbà tó wà láàárín orúnkún rẹ̀, kò rí i báyìí. Orí tí a fá kodoro. Omi wà lára rẹ̀, ó ń dán bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣe bíi eérú. Ojú rẹ̀ dì. Ní ilẹ̀ wa, ta ni ẹlòmíràn ń wẹ̀ fún, tó ń fá lórí, tó ń pa lójú dé, tó ń fi aṣọ bò? Àní ọmọdé tó ti bá wọn dé ilé òkú rí lẹ́ẹ̀kan yóò dáhùn.

Ayọ̀fẹ́ nìkan ni kò mọ̀. Ó ní kí wọ́n wò ó bí ara ti tu ọkùnrin náà tó.

Màmá súnmọ́ tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án.

"Lèsí rèé?"

Bí Màmá bá ti fi Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀ béèrè ẹni tí ẹnì kan í ṣe, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀. Susannah mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Mofẹ́ ni, Màmá."

"Ta ló fá a lórí?"

"Èmi ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo máa ń fá a fún un."

"Ta ló pa ojú rẹ̀ dé?"

Susannah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ ń fọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní bí òun bá ń fá a lórí ló máa ń di ojú, nítorí irun, pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ òun ṣe mọ̀ ọ́n, pé kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ó sọ ti àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó sọ ti ọṣẹ. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Alàgbà Simeon gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní Màmá, ẹ gbọ́ o, irun ló ń fá, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀, ọkùnrin náà ń gbádùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Màmá náà mi orí. Ó ní ó yé òun. Ó ní ṣé Susannah ti fá a tán ná, àbí kò tíì fá a tán?

"Ó ti tán, Màmá."

"Ó dáa. Amọ̀ ṣì tutù. La ojú rẹ̀, kí n rí ọmọ mi."

Ayọ̀fẹ́ sáré mú ṣíbí kan wá, ó ní kí ó fi ìdí rẹ̀ là á, kò le, kí ó kàn fa ìlà kan lábẹ́ ìpéǹpéjú. Susannah gba ṣíbí. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó fi ìdí ṣíbí kan ojú ọ̀tún, ó fa ìlà, ó gbé ìpéǹpéjú náà sókè díẹ̀. Ihò kan yọ. Ó wá nílò ohun tí yóò fi sínú ihò náà. Ó wá ojú Mobọ́lájí nínú orí ara rẹ̀. Ó rí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ó rí eyín iwájú tó fi àlàfo sílẹ̀, ó rí bó ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ kan bọ bàtà níbi tó ti ń sọ̀rọ̀. Ojú náà kò wá. Ó ti fi gbogbo àkókò yìí sọ pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò sì mọ ìgbà tí ojú ẹni tó ń bọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ òun. Ohun tó wá ni ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Èmi ni. Kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí a wá gba òun sílẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Bí ẹni tó fẹ́ kí a lè dá òkú òun mọ̀ ni. Ọjọ́ náà gan-an ni Susannah ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò kàn jẹ́ kí ara rẹ̀ gbọ́ ni.

Ihò ojú náà ń wò ó. Kò lè fara dà á. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú náà wálẹ̀, ó sì rọra ra á títí ìlà náà fi parẹ́.

Kò rò ó kó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ rí àtàǹpàkò náà. Ẹnì kan nínú àwọn obìnrin ké, ó sì fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Màmá yí padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí àwọn èèyàn tí kò sì rí ẹnì kankan nínú wọn. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó ṣe, wọ́n sì tẹ orí ba. Òbí kì í wo òkú ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé e kọjá, ẹ̀yìn ni òbí ń kọ sí i. Ìró tó lọ̀ láàárọ̀ ń gbọ̀n lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Susannah." Kò pè é ní ìyàwó. "Mi ò bínú. Sọ fún mi pé ó ń bọ̀."

Susannah la ẹnu. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà, ó ti sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an kí wọ́n tó wẹ̀. Ó dúró dè é. Kò wá.

Alàgbà Simeon wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ sí etí pé arábìnrin, ọ̀rọ̀ kékeré ni, ìgbàgbọ́ ni, ẹ ṣàánú ìyá arúgbó, ẹ sọ ọ́ kí a lè gbàdúrà lé e. Ìyá Ìjọ di apá Màmá mú, Màmá gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ayọ̀fẹ́ ń sunkún, ó ń sọ pé òun kò mọ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́, amọ̀ lásán ni, òun lè pò ó pọ̀ padà báyìí. Susannah bọ́ sáàárín ọmọbìnrin náà àti tábìlì. Kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

"Bó bá ti kú, sọ pé ó ti kú," Màmá wí, ó ṣì kọ ẹ̀yìn sí tábìlì. "Bí kò bá kú, sọ pé ó ń bọ̀. Ìwọ lo gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Èmi kò gbọ́ ọ. Ọ̀kan ni kí o sọ, kí n mọ bí n ó ṣe jókòó."

Susannah wo ẹ̀yìn arúgbó náà, ó wo ọrùn rẹ̀ tó ti tín-ín-rín, ó wo ẹnu ọ̀nà. Bó bá sọ pé ó ń bọ̀, irọ́ ni. Bó bá sọ pé ó ti kú, òun ló pa á.

"Màmá, ẹ dákun," ó wí. "Ẹ má bi mí mọ́. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."